Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kì í Bojú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ojú Ayé

 

Pé ènìyàn lè wọ ojú tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ Nàgó. Láti Kétu dé Pobè, láti Pobè dé Sakété, ọmọdé ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ojú ju ojú lọ. Orò kò ní ojú rárá, ohùn nìkan ló ní, obìnrin kò sì gbọdọ̀ wà níta nígbà tó bá ń ké. Egúngún ní aṣọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, síbẹ̀ ará ọ̀run là ń pè é, ẹni tó bá sì dárúkọ rẹ̀ ti ṣẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìkẹta, òun ló sì yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Igi tí wọ́n gbẹ́ kì í bo ojú oníjó. Orí ló ń gbé e lé bí ẹni dé fìlà, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń wà níwájú ojú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ń jó. Ìyàwó rẹ̀ wà láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́. Bó bá jó tán, ó lè ṣí igi náà kúrò lórí lójú gbogbo ayé, kó nu òógùn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó da èèwọ̀.

Ohun tó yẹ kó ya ará Towé lẹ́nu nìyí: ìlú tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé igi lérí láìfi bojú, ìlú yẹn náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú lásán káàkiri, ojú tí kò ní igi, tí kò ní aṣọ, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú yẹn ni Yorùbá ń pè ní ojú ayé. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ń ṣe ojú ayé, wọn kò sọ pé ó ń purọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ohun tó ń ṣe kò ní gbòǹgbò nínú rẹ̀. Bí àwọn tó ń wò ó bá lọ, òun náà á dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Nàgó nìkan. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe ojú tí àwọn òṣèré wọn ń wọ̀ ní persona. Inú rẹ̀ ni èdè Faransé ti mú personne jáde. Ọmọ ilé-ìwé ní Towé á kọ́kọ́ kọ́ pé personne ni ènìyàn. Bó bá ga díẹ̀ sí i, wọ́n á tún kọ́ ọ pé personne kan náà ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí ẹnì kankan. Bóyá Faransé kò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní agbo ló sọ yẹn: a rí ojú, a kò tíì mọ̀ bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. Ní 1956 ni Erving Goffman, ọmọ Kánádà, tẹ ìwé rẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti gbé ní erékùṣù Shetland ní àríwá Scotland. Ó kíyè sí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀: ojú tí wọ́n ń gbé wọ yàrá ìjẹun kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò nílé ìdáná. Ìyá tó ń se oúnjẹ ìnáwó ní Towé kò nílò Goffman láti mọ èyí.

Àwọn kan á wá sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ènìyàn máa sọ gbogbo inú rẹ̀ síta, kí ojú ayé tán. Rárá o. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, tó ṣì jókòó sídìí ọjà rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, kì í ṣe àgàbàgebè. Ó mọ̀ pé ẹni tó wá ra tòmátì kò wá gba ẹrù òun rù. Bàbá tó gbọ́ ìròyìn búburú láàárọ̀ tó ṣì jókòó yanjú ẹjọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, ìkáàánú ló ṣe fún wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú tí irú àwọn yìí gbé wọ̀ dà bí ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́: wọ́n mọ̀ pé orí ni ó wà, ẹni tó sún mọ́ wọn lè rí wọn, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹnì kan wà, ó kéré tán, tó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń pa ènìyàn ni èyí tí kò ṣeé sọ kalẹ̀. Ibi òkú ló sì ti ń hàn jù.

Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tó kàn yìí, nítorí kò sí agbo ilé tí kò lè fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n kọ oògùn fún un. Wọ́n ra ìdajì, wọ́n ní kí wọ́n dúró de ìparí oṣù. Àwọn ọmọ tó wà ní Kùtọnu àti ní Èkó ń fi fóònù kí i. Bàbá kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó tí kò sí fún oògùn ti jáde. Wọ́n ti yan aṣọ ẹbí, oríṣi méjì: ọ̀kan fún àìsùn, ọ̀kan fún ọjọ́ ìsìnkú. Wọ́n ti háyà àtíbàbà, àga, ẹ̀rọ ohùn, àti ẹni tí yóò máa ya fídíò. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àlejò tirẹ̀, olúkúlùkù ló sì gbọ́dọ̀ bọ́ wọn lọ́tọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ̀gbọ́n pa ẹran, àbúrò pa adìẹ. Àwọn àna ń bọ̀ pẹ̀lú ìlù àti sódabì, wọ́n gbọ́dọ̀ bá ohun tó tó wọn. Àwọn àgbà ní òkú kò mọ iye tí wọ́n ra aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Gbogbo ènìyàn mọ òwe náà. Wọ́n á pa á níbi ìpàdé ẹbí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún fi kún iye tí olúkúlùkù yóò dá.

Ibo ni owó ti ń wá? Wọ́n á kọ́kọ́ kó tọ́ntìn tí wọ́n ń dá jọ fún owó ilé-ìwé ọmọ. Lẹ́yìn náà, owó èlé. Bí ìyẹn kò bá tó, oko ọ̀pẹ ló kù, àwọn tó wà ní agbègbè Pobè sì mọ ohun tí oko ọ̀pẹ jẹ́ fún ìdílé. Wọn kì í tà á. Wọ́n á fi í dúró. Ẹni tó yá wọn lówó ni yóò máa kọ ẹyìn, òun ni yóò máa fọ́ epo, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san owó rẹ̀ pé. Ẹyìn tó ń kọ kò dín gbèsè kù, èlé ni. Báyìí ni ọmọ olóko ṣe ń gba abẹ́ ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ gbìn kọjá tí kò gbọdọ̀ ṣa ẹyìn tó já bọ́ sílẹ̀. Fídíò ìsìnkú náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Ó dára gan-an.

Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ kì í ṣe owó. Bí ènìyàn bá mú àwọn ọmọ olókùú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pè wọ́n sẹ́yìn ilé, olúkúlùkù ni yóò sọ pé ìnáwó náà ti pọ̀ jù, pé òun kò bá ti fẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀, pé nítorí àwọn yòókù ni. Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò ló fẹ́ ẹ. Àbúrò rò pé ìlú yóò fi ẹ̀gbọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìlú ń jẹun, ó ń mu, ó ń dárò bàbá, bí wọ́n bá sì délé, wọ́n á ní àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ronú. Gbogbo wọn wọ ojú, olúkúlùkù sì gbà pé ojú ẹlòmíràn ni ojú gidi. Ènìyàn kan péré tó bá ṣí tirẹ̀ nípàdé ẹbí, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò ní in,” ó ṣeé ṣe kó gba odidi oko là. Ó ṣòro láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ tàbí ìlú jọ sọ ọ́ ṣáájú òkú, kí ó má bàa jẹ́ ẹrù ọmọ kan lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ pọ́n.

Irú rẹ̀ mìíràn wà lójú ọ̀nà Ìdírókọ̀. Ọmọ tó ti Èkó dé fún ọdún kò lè dé lọ́wọ́ òfo. Ó yá bàtà, ó yá ẹ̀wù, nígbà mìíràn ó yá ọkọ̀. Láti 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà, owó tí wọ́n ń pa lọ́hùn-ún kò tó nǹkan mọ́ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́ẹ̀fà. Ọmọ náà mọ̀. Kò sọ. Àbúrò rẹ̀ tó wà nílé wo ọkọ̀, ó wo bàtà, ó ta ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ̀lé e padà. Ojú ayé ẹnì kan ti di ìmọ̀ràn fún ẹlòmíràn nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Ojú kan wà tí kì í ṣe owó ló rà á. Nílé-ìwé àwọn òyìnbó Faransé, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn òmìnira 1960, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n ń so nǹkan mọ́ lọ́rùn. Signal ni wọ́n ń pè é. Ó lè jẹ́ egungun, ó lè jẹ́ ìkarahun. Ọmọ náà yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ Nàgó tàbí Gùn, kó tó bọ́ ọ fún un. Àwọn àgbàlagbà kan tó jókòó níbi ọdún yìí gbé e kọ́rùn rí. Kì í ṣe èdè Faransé nìkan ni signal kọ́ ọmọ. Ó kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ ọ pé ẹnu tí ó gbé wá láti ilé jẹ́ ohun ìtìjú. Frantz Fanon, dókítà ọmọ Martinique, kọ ìwé kan ní 1952 tó pè ní Peau noire, masques blancs, orí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì dá lórí èdè. Kò ṣèèṣì fi èdè ṣáájú.

Wọ́n ti bọ́ signal lọ́rùn ọmọ, kò tíì kúrò lọ́rùn ìpàdé. Àgbẹ̀ kan dìde níwájú ìgbìmọ̀ ìlú láti sọ̀rọ̀ omi tàbí ọ̀nà. Nílé, ó lè fi òwe mẹ́ta là á yé ọmọ ọdún méje. Níbẹ̀, ó fi Faransé tí kò dá a lójú sọ ìdajì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba fi Faransé tó dá a lójú dá a lóhùn pé wọn yóò wò ó. Olúkúlùkù jókòó. Ọmọ Nàgó ni àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá pàdé níbi òkú lọ́la, Nàgó ni wọ́n á fi kí ara wọn, wọ́n á tún béèrè ìyá àti ọmọ. Kò sí ohun tó dára bíi kí ènìyàn gbọ́ Faransé, kí ó kà á, kí ó kọ ọ́. Ìwé ìjọba ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kànga abúlé bá lè yanjú ní Nàgó, kí ni wọ́n ń wá lọ sínú èdè mìíràn lọ bò ó mọ́?

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ padà sí abẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nítorí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti ronú nípa gbogbo èyí.

Ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, obìnrin ni wọ́n sì ń jó jù. Ọkùnrin alágbára á de ọmú, á di ìdí, á ró aṣọ ìyàwó rẹ̀, á so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, á máa rìn bí abiyamọ. Nítorí Ìyá Nlá ni, àti nítorí àwọn ìyá tó wà láyé, tí agbára wà lọ́wọ́ wọn láti tún ìlú ṣe tàbí láti bà á jẹ́. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 mọ́ àwọn mọ́kàndínlógún àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní iṣẹ́ àràmàǹdà aráyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò, ohun kan tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kò sí ẹgbẹ́ eléégún mìíràn tí a mọ̀ tí obìnrin náà ń ṣe olórí rẹ̀. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣà àjogúnbá aráyé.

Igi ṣeé yá. Aṣọ ṣeé yá, wọ́n tilẹ̀ máa ń yá a lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé. Ẹsẹ̀ kò ṣeé yá. Ìlù máa ń sọ̀rọ̀, ṣaworo oníjó sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu, kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dúró níbi tó dúró. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, agbo á mọ̀, àwọn ìyá tó jókòó á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tó jó bí ìyá lọ́sàn-án ọdún fi ní ẹ̀rí láti jẹ́ ní ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀. Bí ó bá délé, tó gba owó gàrí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ fún aṣọ ẹbí, tó sì ní kí ọmọ obìnrin fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ọmọkùnrin lè lọ, igi nìkan ló gbé lérí. Àwọn tó yá a láṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èéfín ni ìwà, kò ṣeé dì mọ́nú aṣọ.

Ọ̀sán ni ti ijó. Òru tó ṣáájú rẹ̀ ni ti Ẹ̀fẹ̀, òru yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á júbà, á kí àwọn ìyá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìlú ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ láti àmọ́dún tó kọjá. Ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́, ọkọ tó ń na ìyàwó, ìyálé tó ń ṣìkà sí ọmọ ọlọ́mọ, olóyè tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọn kì í mú akọrin Ẹ̀fẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ nítorí ohun tó bá sọ lóru yẹn. Òwe sọ pé bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Òru Ẹ̀fẹ̀ nìkan ni òwe yẹn kì í ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó gbé igi lérí ló ń sọ òótọ́ fún àwọn tí ojú wọn wà lásán.

Òru yìí gan-an ló sì wà nínú ewu. Àwọn tó kọ ìwé UNESCO ti sọ ọ́ pé ìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lọ, àti pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di eré ìwòran lásán. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí wọ́n ń fi han àlejò ni ijó ọ̀sán, ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tó gbé ohun èlò ọ̀rọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Igi tuntun tó ní alùpùpù tàbí ọkọ̀ òfuurufú lórí ń wu àwọn ayàwòrán, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kì í dúró di òru. Níbi tí Ẹ̀fẹ̀ bá ti kọrin níwájú ọlọ́lá, owó á ti gun iwájú orí rẹ̀ kí ó tó la ẹnu, orin á sì yí padà di oríkì. Akọrin náà ní ẹnu tó ń jẹun, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi nìkan. Ẹni tó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí náà ni kí wọ́n wò. Owó yẹn ni aṣọ tó nípọn jù lọ tí wọ́n tíì fi bo ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ọdún, kò sì gba owó púpọ̀. Kí wọ́n gbé òru Ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ètò pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi tó ti ìṣíde ọ̀sán. Kí ó jẹ́ àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní ná akọrin lówó kí ó tó kọrin tán. Kí owó rẹ̀ ti àpò ẹgbẹ́ wá, kí ó ti mọ iye rẹ̀ ṣáájú. Kí àwọn ìyálàṣẹ̀ sọ ìdájọ́ wọn lórí ijó kí ọlọ́lá kankan tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì pe Maire àti àwọn olórí arrondissement wá sí òru náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ wọ́n, kí wọ́n tẹ́ àga sílẹ̀ fún wọn níwájú, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí akọrin lè rí wọn, kí àwọn náà lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ní Nàgó.